Iṣẹ́ Onímọ̀ Omi àti Ojú Ọjọ́

Ìlú Ọ̀fà, ìlú àwọn ọmọ Ọlálọmí, ní òkìkí nípa ìjàkadì àti nípa ànàmọ́ dídùn. Odò tí àwọn ará ìlú náà mọ̀ jù lọ ni odò Ọ̀yun. Odò yìí ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá, ó ń gba ẹ̀bá Ìlọrin kọjá, omi rẹ̀ a sì wọ odò Ọya nígbẹ̀yìn. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ọdún títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní agbègbè náà. Nígbà náà odò a kún, koríko a tutù, àgbẹ̀ a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, odò a fà, omi kànga a lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ a sì máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri láti wá omi.

Ibi kan náà ni omi ti pọ̀ jù, tí ó sì tún ti wọ́n. Mélòó ni omi tí òjò ń mú wá lọ́dún? Níbo ni ó ń gbà lọ? Báwo ni a ṣe lè pa díẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹni tí ó fi ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni à ń pè ní onímọ̀ omi àti ojú ọjọ́. Kì í dá òjò dúró, kì í sì í pe òjò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn omi, láti ṣe ìṣirò rẹ̀, àti láti kìlọ̀ fún ará ìlú kí ewu tó dé.

Àwọn àgbà wa mọ ìgbà òjò nípa ìṣe àwọn ẹyẹ, nípa ewé igi àti nípa atẹ́gùn. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, òun ni ó sì ti ń bọ́ àwọn ènìyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ afárá tàbí tí yóò dí odò fún omi ẹ̀rọ ní láti mọ iye. Nítorí náà onímọ̀ a gbé ohun èlò kékeré kan sí gbangba láti gba òjò, a sì máa ka ìwọ̀n omi inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí òjò tí ó ga ní mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, omi náà jẹ́ lítà 1. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 8, òjò mìlímítà 25 yóò da lítà 2,000 sórí rẹ̀. Èyí tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 80. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ohun tí ó ń sọnù ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà tí kò bá gbé àgbá sí abẹ́ òjò.

Bákan náà ni ó ń wọn odò. A máa ń ri ọ̀pá tí a fín nọ́ńbà sí lára mọ́ etí odò, ẹnì kan a sì máa kọ ibi tí omi dé sílẹ̀. Ọdún kan kò tó. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ irú ojú ọjọ́ tí ibì kan ní, nítorí pé ọdún kan lè gbẹ kí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì kún àkúnya. Ẹni tí ó kọ́lé sí etí odò nítorí pé omi kò dé ibẹ̀ ní ọdún márùn-ún kò tíì mọ odò náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ti gba ọ̀nà omi, ìdọ̀tí sì ti dí ojú odò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá omi náà lọ.

Lóde òní, iṣẹ́ náà ti le sí i. Ayé ń gbóná nítorí èéfín epo àti èédú tí a ń jó. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i, ó lè gba oru omi tí ó fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà òjò líle lè túbọ̀ le. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe kókó, ṣùgbọ́n kò tó mọ́ láti fi sọ ohun tí ń bọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí iṣẹ́ yìí fi kọjá ìlú kan ṣoṣo. Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ ní orí òkè ilẹ̀ Gínì, ó gba Málì àti Nìjẹ̀ kọjá, ó sì rìn ní nǹkan bí kìlómítà 4,200 kí ó tó dé òkun. Òjò tí ó rọ̀ ní Gínì nígbà òjò kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń rọra bọ̀ débi pé àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni omi náà ń dé adágún Káńjì. Ẹni tí ń ṣọ́ Káńjì ní láti gbọ́ ìròyìn láti ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1964 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí odò náà kàn kóra jọ láti dá àjọ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún gbogbo ayé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Godwin Olu Patrick Obasi. A bí i ní 1933 ní Ogórì, ìlú tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ó kọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní 1959. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Massachusetts Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní 1963. Kò jókòó sí òkè òkun. Ó padà sí Áfíríkà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Nàìróbì ní Kẹ́ńyà, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ náà.

Ní 1978 ó lọ sí Jẹ̀nífà láti ṣe olùdarí ètò ẹ̀kọ́ ní Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1984, òun ni akọ̀wé àgbà àjọ náà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò yẹn. Àsìkò líle ni: ọ̀dá ń jà ní etí aginjù Sàhárà, ìyàn sì mú ní Ẹtiópíà. Ogún ọdún gbáko ni ó lò níbẹ̀, títí di òpin ọdún 2003. Ní ìgbà tirẹ̀, ní 1988, ni àjọ náà àti àjọ mìíràn nínú Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sílẹ̀ láti máa yẹ ìyípadà ojú ọjọ́ wò. Ní 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí odò kan náà so pọ̀ lè máa fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú ní 2007.

Àwọn àgbà ní, òkèèrè ni olójú-jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni ìkìlọ̀ ń bẹ̀: ẹni tí ó sọ ọ́ àti ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ní 2012, nígbà tí Ọya àti Bẹ́núè kún àkúnya, ènìyàn tí ó ju 300 lọ kú ní Nàìjíríà, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ sì fi ilé wọn sílẹ̀. Nítorí náà onímọ̀ omi ní láti mọ ìṣirò, kí ó sì tún mọ bí a ti ń bá àgbẹ̀, ọlọ́jà àti baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ọmọ Ọ̀fà tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò ní láti dúró de ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìṣirò, físíìsì àti jọ́gíráfì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, a sì ń kọ́ gbogbo wọn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé agolo olójú títẹ́jú sí gbangba, tí ó fi rúlà wọn òjò inú rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan láìfo ọjọ́ kankan, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ayé fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe yẹn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí àkọsílẹ̀ ọdún kan kò fi tó láti mọ odò kan?
2. Òrùlé kan gùn ní mítà 12, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 10. Lítà omi mélòó ni òjò mìlímítà 20 yóò dà sórí rẹ̀?
3. Ṣàlàyé ìdí tí omi òjò Gínì fi ń dé Káńjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
4. Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: “Bí a ṣe ń rí omi ní àdúgbò mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”