Orúkọ Àrùn àti Ìlera Akẹ́kọ̀ọ́: Àtọ̀sí Ajá ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìfáàrà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni ipa tí orúkọ àrùn ń kó nínú ètò ìlera tí àwùjọ ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Àtọ̀sí ajá, tí ó máa ń bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jà púpọ̀, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí àrùn náà ṣe ń ràn
Aràn tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fà á. Ẹni tí ó ní in a máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn yóò pa, ọmọ rẹ̀ yóò sì wọ inú ìṣáwùrú. Láti ibẹ̀ ni yóò ti jáde sínú omi, tí yóò sì gba awọ ara wọlé sára ẹni tí ń wẹ̀ tàbí tí ń fọṣọ.

Ìṣòro orúkọ
Àtọ̀sí kan náà ni Yorùbá ń pe àrùn tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rù ẹ̀sùn ìṣekúṣe, kí ó sì dákẹ́. Orúkọ ajá tún lè mú kí òbí máa fura sí ajá, nígbà tí ó jẹ́ pé inú omi ni àrùn wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi sòbìyà wé e. Sòbìyà kò ní oògùn; aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti ìlanilọ́yẹ̀ ni a fi bá a jà. Ó lé ní 650,000 ènìyàn tí ó ní in ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988. Ọdún 2008 ni a rí èyí tí ó kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Sòbìyà kò pín orúkọ pẹ̀lú àrùn ìtìjú kankan.

Ojúṣe olùkọ́
Ní 2001, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ewu máa gba oògùn déédéé, kí ó tó di 2010. Praziquantel ni oògùn náà; ọ̀pá ìwọnga ni a fi ń mọ iye tí ó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oògùn kò ní kí ọmọ má tún kó o bí ó bá padà sódò.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí a rán lọ sí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà kọ́kọ́ béèrè orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, nítorí ẹ̀ka-èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ, àwọn èdè bíi Arigidi, Akpes àti Ukaan sì wà ní Àkókó. Kí ó pè é ní ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ nínú kíláàsì, kí ó bá òbí sọ̀rọ̀, kí ó sì bi ọmọ ní kọ̀rọ̀.

Ìgúnlẹ̀
Olùkọ́ èdè kì í ṣe dókítà. Síbẹ̀, ọmọ tí kò rí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtìjú nínú kò ní jẹ́wọ́ àìsàn, ẹni tí kò sì jẹ́wọ́ kò lè rí ìtọ́jú tí ó yẹ ẹ́.