Ìwé Ìròyìn Orin Láti Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn ìwé kíkọ, pàápàá àwa tí a wà ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti agbègbè Àkókó. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe, nítorí pé ọgbọ́n tí a kọ́ láti inú rẹ̀ ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ìgbà kan wà tí a fẹ́ ṣe ìwé ìròyìn kékeré kan lórí wéré, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú oṣù Rámádàánì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi ṣiṣẹ́. A mú àwòrán gbajúgbajà olórin kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi sí èèpo iwájú. A lo oríṣìíríṣìí àwọ̀. A fi lẹ́tà wínníwínní tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ó lè gba púpọ̀. Inú wa dùn, a sì gbé e lọ fún bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa, ẹni tí ó ti darí ẹgbẹ́ wéré nígbà èwe rẹ̀.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n ṣí i, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n tún sún un jìnnà. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n níbo ni àwa wà nínú rẹ̀?"

A wo ara wa lójú. Kò sí orin Ìkàrẹ́ kan ṣoṣo nínú ìwé náà, kò sì sí ẹnì kan láti Ọ̀kà. Lẹ́tà inú rẹ̀ pàápàá, bàbá kò lè kà á. Ìwé tí ó wu àwa tí a ṣe é ni, kì í ṣe ìwé tí ó wúlò fún ẹni tí a ní àwọn ṣe é fún. Ìbéèrè bàbá yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa lónìí.

1. TA NI YÓÒ KÀ Á?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀: "Ìwé yìí wà fún báyìí-báyìí, kí wọ́n lè mọ báyìí-báyìí." Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, orúkọ ìwé náà gan-an sọ ẹni tí ó wà fún: Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ní ìlú London, ní oṣù November 1952, ìwé ìròyìn orin tí ń jẹ́ New Musical Express tẹ àtẹ àwọn àwo orin tí ó tà jù lọ jáde, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Wọ́n tẹ àwọn ilé ìtajà orin láago, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń rà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ṣe irú èyí: kí ó rìn yí ọjà Ìkàrẹ́ ká ní ọjọ́ kan, kí ó béèrè lọ́wọ́ ogún ènìyàn orin tí wọ́n ń gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

2. KÍ NI YÓÒ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ orin pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò yẹ kí a máa tún ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ sọ. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé inú wéré ni fújì ti jáde. Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, tí wọ́n bí ní ọdún 1948 tí ó sì kú ní ọdún 2010, láti kékeré ni ó ti ń kọ orin ajísààrì, kí ó tó ṣe iṣẹ́ ológun, kí ó sì tó sọ fújì di orin tí gbogbo ayé mọ̀. Bákan náà ni wákà, tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń kọ níbi ayẹyẹ àti nígbà tí a bá ń pàdé àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé. Ní ọdún 1976, nígbà tí Salawa Abeni ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí wọ́n pa ní oṣù February ọdún náà. Ẹ rí i pé orin pàápàá a máa gbé ìròyìn.

Gbogbo èyí dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n abala kan péré ni kí ó gbà nínú ìwé yín. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí níbòmíràn ni kí ó gba ìyókù: Ta ni ó ń darí wéré ní àdúgbò yín? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà kọjá lóru? Ìlù wo ni wọ́n ń lù? Ta ni ó ń dá orin, ta ni ó ń gbè é? Nígbà wo ni ó dáwọ́ dúró, kí ni ó sì fà á? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni àkísà orin yìí wà, kò sí ní orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀ka èdè pọ̀ ní Àkókó. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́ kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ọ̀kà. Ẹ kọ ìtàn yín ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin bí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe pè é, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má sì fi àmì ohùn ṣeré. Bí ẹ bá kọ "egbe were" láìsí àmì, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹgbẹ́ àwọn wèrè ni ẹ ń sọ, ẹ ó sì ti bú àwọn àgbà tí ẹ fẹ́ yìn.

3. ÈTÒ OJÚ ÌWÉ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga girama tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní iṣẹ́ yìí gan-an fún ìdánwò: ẹ ṣe èèpo iwájú, ojú ìwé àkóónú, àti ìtàn kan tí ó gba ojú ìwé méjì tí ó dojú kọra, fún ìwé ìròyìn orin tuntun. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a yá lò: gbogbo àwòrán àti gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Bí àwa náà bá ti tẹ̀lé òfin yìí ni, ìbéèrè bàbá kì bá tí bá wa.

Èèpo iwájú: Orúkọ ìwé ní òkè, kí ó tóbi. Àwòrán kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Oṣù, ọdún àti iye owó. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ sí orí ojú ènìyàn.

Ojú ìwé àkóónú: Kí ẹni tí ó ń wá ìtàn kan rí i kíákíá. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tí ẹ kọ síbẹ̀ bá ojú ìwé mu. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ, nítorí pé a máa ń sún ìtàn síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn tí a ti kọ àkóónú.

Inú ìwé: Bí ẹ bá ká ìwé A4 kan sí méjì, yóò di ojú ìwé mẹ́rin. Nítorí náà, iye ojú ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin: 8, 12, 16 tàbí 20. Ìwé A4 mẹ́rin yóò fún yín ní ojú ìwé 16. Lára ìwé tí ó wà níta, ojú ìwé 16 àti 1 ni yóò jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, 2 àti 15 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú ìwé 8 àti 9, tí ó wà láàárín gbùngbùn, nìkan ni ó dojú kọra tí ó sì jẹ́ abala kan náà láìgé. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìtàn yín tí ó tóbi jù lọ sí. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ká ìwé òfìfo, ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tú u wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, yóò sì gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó asán.

Lẹ́tà: Kí ó má kéré ju ìwọ̀n 11 lọ, bí àgbàlagbà yóò bá kà á, 12 ni kí ó jẹ́. Irú lẹ́tà méjì ti tó, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ìtàn. Bí ó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì aláwọ̀ dúdú ni ẹ ó ṣe, ẹ ṣe ẹ̀dà kan wò kí ẹ tó ṣe ọgọ́rùn-ún. Àwọ̀ pupa àti búlúù tí ó ki yóò di dúdú, ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí wọn yóò sì pòórá.

4. ÒTÍTỌ́ ÀTI Ẹ̀TỌ́

Al-Kùránì, nínú Súrà Al-Hujurat (49), áyà 6, pa á láṣẹ fún wa kí a wádìí ìròyìn kí a má bàa ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ oníròyìn ni èyí. Bí ẹnì kan bá ní àdúgbò òun ni ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ wéré sílẹ̀, ẹ lọ béèrè ní àdúgbò kejì. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì, ẹ má ṣe ṣe adájọ́.

Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò tàbí kí ẹ tó gba ohùn sínú fóònù. Ẹni tí ó ni orin, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ orin rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ohun èlò orin; a kò jókòó láti dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alfa yín, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀.

5. Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ká sọ pé títẹ ẹ̀dà 100 ná yín ní ₦60,000. Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ₦600 ni kí a ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ ó fún àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ẹ̀dà 10, ẹ ó sì fún ilé ìkàwé ní 5. Ó ku 85. Ní ₦600, ₦51,000 ni ẹ ó rí, ẹ ti jẹ gbèsè ₦9,000. Ní ₦750, ẹ ó rí ₦63,750. Ẹ ka ẹ̀dà ọ̀fẹ́ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rántí owó ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ gba Akùngbá dé Ọ̀kà.

6. ÀGBÉYẸ̀WÒ

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ wá ènìyàn márùn-ún tí kò bá yín ṣe é: àgbàlagbà kan, olùkọ́ kan, ìyá kan ní ọjà, ọmọ ilé ìwé kan, àti ẹnì kan láti ìlú kejì. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, nítorí pé ẹ kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó rà á bá ń kà á. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè pé:

(a) Kí ni ẹ kọ́kọ́ wò?
(b) Níbo ni ẹ ti dáwọ́ dúró?
(d) Ẹ sọ ohun tí ẹ kà fún wa.
(e) Kí ni kò sí nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà?

Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ láìjiyàn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní àwọ̀ kò wu òun, ohun tí ó wù ú ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá dáwọ́ dúró ní ojú ìwé kan náà, ojú ìwé náà ni ó ní àléébù. Paríparí rẹ̀, ẹ mú gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn wọn. Ǹjẹ́ ẹni tí ẹ ní ó wà fún rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀?

Àwa tún ìwé tiwa ṣe. A yọ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, a gba ohùn bàbá sílẹ̀, a sì tẹ orin mẹ́ta tí wọ́n kọ fún wa. Bàbá tún júwe ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ọ̀kà tí ó mọ orin jù wọ́n lọ. A ní ó di lẹ́yìn ìdánwò. Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀, wọ́n ti sin ín. Ojú ìwé tí a pèsè sílẹ̀ fún un kò rí ohun tí yóò gbà.

Nígbà tí a gbé ẹ̀dà kejì dé, bàbá kà á sókè fúnra wọn. Wọ́n dúró lójijì, wọ́n ní kí a mú bírò wá, wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú orin kejì. A mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ wa ti di ìwé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÓKÒÓ Ẹ̀KỌ́

1. Ta ni ó mọ orin ajísààrì jù lọ ní àdúgbò rẹ? Ọjọ́ wo ni o máa lọ bá a?
2. Kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ẹni tí ìwé ìròyìn rẹ yóò wà fún.
3. Ká ìwé A4 mẹ́ta. Ojú ìwé mélòó ni? Àwọn ojú ìwé wo ni ó wà láàárín gbùngbùn?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí kò wu òǹkàwé kan àti ohun tí ó jẹ́ àléébù?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye àti sùúrù. Máà sàlámù.