Bí A Ti Ń Gbin Ìfẹ́ Ìwé Kíkà Sí Ọkàn Ọmọdé

Àgbẹ̀ kì í gbin èbù sí ilẹ̀ tí kò kọ ebè sí, kí ó sì máa retí iṣu ńlá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìwé kíkà rí. Òbí púpọ̀ kì í ronú nípa ìwé títí ọmọ yóò fi wọ ilé-ìwé; nígbà náà ni wọn yóò wá mú pàṣán. Ọmọ tí a ń nà nídìí ìwé lè mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, yóò pa á tì. Kíni òbí yóò ha ṣe?

Èkíní: Kí a máa pa àlọ́ fún ọmọ láti kékeré. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn Ìjàpá bá gbọ́ pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé, òun tìkára rẹ̀ ni yóò wá a lọ.

Èkejì: Kí ó kọ́kọ́ kà ní èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ń ka èdè tí kò gbọ́ kò lè rí adùn rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀kẹta: Kí a máa kàwé fún ọmọ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé tó. Kí a máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí a ti ń kà á. Ibi tí ìtàn bá ti dùn ni kí a dúró sí di ọ̀la. Bí ó bá sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún ìtàn àná kà, kí a má ṣe kọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Òbí tí kò mọ̀wé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó pe ọmọ wá kàwé fún òun, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì bèèrè pé, “Kí ni ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Inú ọmọ yóò dùn pé àgbà ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Kí a má ṣe fi ìwé kíkà jẹ ọmọ níyà nígbà tí ó bá ṣẹ̀, kí ó má baà ka ìwé sí ọ̀tá.

Ní ìparí, ohun tí ọmọ rí ni í ṣe. Bí bàbá kò bá fọwọ́ kan ìwé láti Kérésìmesì títí di Àjíǹde, pàṣán rẹ̀ kò lè mú ọmọ fẹ́ràn ìwé.