Ọmọ Tí Kò Dé Oko Baba Ẹlòmíràn: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Tí Ń Kó Aago Jọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí ó ti rí fún ológún ẹrú ayé àtijọ́ náà ló rí fún àwọn kan láàárín wa lónìí, tí ilé tí wọ́n ń gbé kò ju yàrá méjì lọ, tí bàtà wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, aago ọwọ́ mẹ́wàá, méjìlá, ni yóò máa wò yín lójú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn ní tirẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni a rán níṣẹ́. Èmi kò bá wọn wí. Ilẹ̀ ni ẹlòmíràn ń rà sílẹ̀, aṣọ òkè ni ẹlòmíràn ń kó jọ. Aago, arìn-tọ̀sán-tòru-má-kàárẹ̀, ìránṣẹ́ tí kì í bèèrè oúnjẹ, a-sọ-òtítọ́-má-lẹ́nu, kò burú kí ọkàn ẹni fà sí i. Orúkọ tó wà lójú aago náà ni mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí èmi kò tíì rí ẹni tó pẹ́ nídìí aago tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aago tí ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó ná owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn sórí orúkọ kan nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ọkàn náà yóò ṣí kúrò níbẹ̀.

Ìfẹ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ti ẹni fúnra ẹni. Ọwọ́ baba, tàbí ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́, ni a ti ń rí i. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé Seiko 5 ni wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn: aago tí àwọn ará Jàpáànì gbé jáde ní 1963, tí kò lo bátìrì, tí mímì apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ń wáìn fúnra rẹ̀, tí orúkọ ọjọ́ àti déètì ń yọjú nínú fèrèsé kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá agbára tíṣà tàbí akọ̀wé. Ọmọ tó ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, Seiko náà ni yóò rà. Bí ó bá sì rà á tán, a fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí aago mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rẹ́ kan yóò bọ́ Omega ọwọ́ rẹ̀ fún un pé kó fi wò ó, ìbúra á sì tú lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ pé kí wọ́n má búra rárá, kí wọ́n má sì bú ilé onílé lójú àwùjọ, nítorí ilé tí ẹ bú lónìí lè jẹ́ ibi tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín gbé owó lọ lọ́la.

Nígbà tí ọkàn bá kọ́kọ́ ṣí, ìtàn ló ń ṣí i. Ẹ wo Rolex. Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ òwò aago ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905, tó forúkọ Rolex sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1908, mọ̀ dájú pé ojú ni ọjà ń wò. Nígbà tí ó gbé aago Oyster jáde ní 1926, tó sì ní omi kò lè wọ inú rẹ̀, kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mercedes Gleitze, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì, lúwẹ̀ẹ́ kọjá òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé. Àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́, ó sì tún bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù kẹwàá ọdún náà kí ojú wọn lè já a, aago Oyster kan sì wà lọ́rùn rẹ̀. Òtútù kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fà á sókè sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n aago ọrùn rẹ̀ ń rìn geere, Wilsdorf sì ra ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Daily Mail láti fi ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Arábìnrin náà kò dé èbúté lọ́jọ́ náà. Aago ló gúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Omega Speedmaster, tí àwọn NASA ti Amẹ́ríkà dán wò tí wọ́n sì gbà wọlé ní 1965, tí Buzz Aldrin wọ̀ rìn lórí òṣùpá ní 1969, nígbà tí Neil Armstrong fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí pé aago ọkọ̀ náà ti dákẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, èmi alára sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra aago nítorí òṣùpá kì í sábà dé ibi tó ga ju ọ́fíìsì alájà mẹ́ta lọ, bí ìtàn náà bá sì ti wá di ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà lórí, ìfẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ibi tí ọkàn ti ń ṣí gan-an, ìdí atúnagoṣe ni. Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ bá dilẹ̀. A fi gíláàsì kékeré há ojú kan, a fi irin ẹlẹ́nu mú ìdérí ẹ̀yìn aago, a sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa kọ́kọ́ yọ, òun ló ń dí omi lọ́nà, bí ó bá sì ti gbó, yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni irin wíwúwo kan wà tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tó ń yí gbirigbiri bí ẹ bá mi aago náà: òun ló ń wáìn sípíríńgì. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ sápá kan, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ kékeré kan, tó ń fì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe 28,800 ní wákàtí kan, láìsinmi. Ẹ wo abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà dáadáa. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nínú àpótí kékeré kan, ETA, nọ́ńbà 2824-2 sì wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹ wá ní kó ṣí aago kejì, tí orúkọ mìíràn wà lójú rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tún wo abẹ́ kẹ̀kẹ́: ETA, 2824-2.

Ọjọ́ tí ẹni tó ti ń fi orúkọ ṣẹ̀ṣọ́ bá kọ́kọ́ rí èyí, inú a bí i, a ní wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rọ rere ni ẹ̀rọ náà, ilé kan sì lè ra èyí tí wọ́n tún ṣe dán, tí wọ́n tún tò dáadáa, nígbà tí èkejì ra ti gbẹ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni yóò máa bèèrè ìbéèrè tó yẹ: ta ló ṣe inú rẹ̀? Yóò wá mọ̀ pé Omega, Longines, Tissot, Hamilton, Rado, Blancpain àti Breguet, tí ó ti ń jà lórí wọn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ agbo kan náà ni gbogbo wọn, lábẹ́ Swatch Group, tí ETA fúnra rẹ̀, ilé tó ṣe ẹ̀rọ náà, sì wà nínú agbo náà. Yóò mọ̀ pé Tudor, àbúrò Rolex, fi ẹ̀rọ ETA sínú aago Black Bay nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2012, pé láti 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tí wọ́n ṣe fúnra wọn sínú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo máa ń gbọ́, pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó ṣí kúrò nílé tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn; àwọn ilé náà pàápàá kò dúró sójú kan. Hamilton tí a dá sílẹ̀ ní Lancaster, ní Pennsylvania, ní 1892, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà fi ń mọ àkókò ọkọ̀ ojú irin, ará Swítsáláńdì ni lónìí. Seiko náà ló fi aago tí òkúta quartz ń darí da ìlú rú ní ọjọ́ Kérésìmesì 1969, ní 450,000 owó yen, owó tó tó ra mọ́tò kékeré nígbà náà; nígbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ sì wá di pọ́ọ́kú, iye àwọn tó ń fi aago ṣíṣe jẹun ní Swítsáláńdì já wálẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti nǹkan bí 90,000 sí ìwọ̀n 30,000 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kú. Àwọn mìíràn kú, olówó sì wá ra orúkọ wọn lẹ́yìn náà, ó gbé e wọ ara tuntun. Ẹni tó ní òun ń bá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tó tilẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn tó sá kúrò lọ́dọ̀ Seiko ní wíwá ọlá kiri, tí wọ́n rìn títí, tí wọ́n wá bá ara wọn nídìí Grand Seiko, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1960, tó sì wá ń dá dúró ní orúkọ tirẹ̀ láti 2017: wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé padà sílé baba wọn.

Owó náà ń ṣí ọkàn, èyí ló sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Patek Philippe Nautilus, tí Gérald Genta yàwòrán rẹ̀, jáde ní 1976. Nígbà tí ilé náà kéde ní 2021 pé àwọn kò ní ṣe Nautilus 5711 onírin mọ́, iye tí àwọn alágbàtà ń tà á fò kọjá ìlọ́po mẹ́ta iye ṣọ́ọ̀bù, ìfẹ́ Nautilus sì gba ìgboro kan bí àrùn. Nígbà tó di 2022, owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ìfẹ́ sì bá a já. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, òwò ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò, kó pè é ní òwò, kó sì fi owó òwò ṣe é. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ní ti àwọn ọlọ́rọ̀ tòótọ́, àwọn náà ń tú ọwọ́ sílẹ̀: Eric Clapton, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ta Rolex Daytona kan tó ṣọ̀wọ́n ní ọjà gbàǹjo New York ní 2003, ó sì ta Patek 2499 onípílátínọ́ọ̀mù ní Geneva ní 2012, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Swítsáláńdì.

Ọ̀pọ̀ tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ọkàn wọn ń gúnlẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ilé. George Daniels, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi erékùṣù Isle of Man ṣe ibùgbé, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe aago láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà ayé rẹ̀. Òun ló hùmọ̀ ọ̀nà tuntun tí eyín kẹ̀kẹ́ ń gbà ti ara wọn láìfi bẹ́ẹ̀ ha ara, kí ìṣòro epo inú aago lè dínkù, ó sì gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn ilé ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Omega tó gbé e jáde fún títà ní 1999. Owó aago Daniels kọjá agbára wa. Ṣùgbọ́n atúnagoṣe àdúgbò yín kò kọjá agbára yín, òun sì ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan orúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra aago ilé kan, ẹ bi í bóyá ó lè rí rọ́bà rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ àti gíláàsì rẹ̀. Bí ó bá mi orí, ẹ fi aago náà sílẹ̀ fún ẹni tó ní ọ̀nà mìíràn. Nínú oòrùn àti ọ̀rinrin tiwa yìí, òógùn a máa jẹ okùn aláwọ, rọ́bà a sì máa tètè gbó, nítorí náà ẹ ka owó ìtọ́jú mọ́ owó aago láti ọjọ́ tí ẹ ti ń dúnàá dúrà. Ẹ wọ aago ọ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ra irú rẹ̀. Ẹ ta ọ̀kan kí ẹ tó mú òmíràn wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má ta àkọ́kọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti baba: bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́, mo sì mọ àwọn tó ń wá nọ́ńbà ẹ̀yìn aago baba wọn kiri ọjà títí di òní. Nọ́ńbà náà gan-an ni kí ẹ kọ sínú ìwé kan, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rà á, iye tí ẹ rà á, àti ọjọ́ tí wọ́n tú u kẹ́yìn, kí ẹ sì fi rìsíìtì sínú rẹ̀; ọjọ́ tí ọkàn bá ṣí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín yóò bèèrè nìyẹn.