Bátìrì Tó Ti Gbó àti Èdè tí A Fi Ń Ṣàlàyé Rẹ̀

Ní Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, bí i káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó, gbólóhùn méjì ni àwọn oníbàárà sábà máa ń gbé tọ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ: 'fóònù mi ń jẹ iná' àti 'bátìrì mi kò mú iná dúró mọ́.' Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Fóònù tó ń jẹ iná ni èyí tí iṣẹ́ pọ̀ fún: ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, tàbí kí ó máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri níbi tí kò ti rí i dáadáa. Bátìrì tí kò mú iná dúró ni èyí tí àyè inú rẹ̀ ti dín kù.

Àmù ni àpẹẹrẹ tó bá a mu jù. Àmù tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dì sí nísàlẹ̀ a máa tètè kún, omi rẹ̀ a sì tètè tán, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Ìdí nìyí tí fóònù tó ti pẹ́ fi lè kọ 100% láàárọ̀ tí yóò sì kú kí ó tó di ọ̀sán.

Nínú bátìrì lithium-ion, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní ọdún 1991, lithium ni ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàrin ẹ̀gbẹ́ méjì. Bí a ṣe ń fi iná sí i tí a sì ń lò ó, díẹ̀ nínú lithium náà a máa há sínú èèpo tín-ínrín kan tó bo ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí èèpo yìí ti ń nípọn ni ọ̀nà ń há fún iná láti jáde. Fóònù a wá kú lójijì nígbà tó ṣì ń kọ 20%. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun dín eré àwọn iPhone kan tó ti pẹ́ kù kí wọ́n má baà máa kú bẹ́ẹ̀.

Ooru a máa mú kí gbígbó yìí yá. Ẹni tó fi fóònù gba iná jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tó móoru, tó tún ń fi í pe ènìyàn lọ́wọ́ kan náà, ń fi kún ọjọ́ orí bátìrì rẹ̀. Ní ti fóònù tòkunbọ̀, bátìrì rẹ̀ lè ti gbó kí ó tó wọ ọkọ̀, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.

Ìmọ̀ràn kan ṣì gbilẹ̀ pé kí a jẹ́ kí bátìrì tán pátápátá kí a tó fi iná sí i. Ayé bátìrì nickel ni ìmọ̀ràn yìí ti wá. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwọn fóònù bíi Nokia 3310 wà tí bátìrì wọn jẹ́ ti nickel. Ti lithium kò rí bẹ́ẹ̀: àtánpátápátá a máa pa á lára, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó kún dẹ́nu nínú ooru fún wákàtí gbọọrọ. Láàrin 20% sí 80% ni ó ti rọrùn fún un jù. Bí ó bá ti wú, a kò gbọdọ̀ gún un tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ó lè gbiná; pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù.

Fún ìdánrawò, kí olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà mẹ́wàá, kí wọ́n kọ gbólóhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí wọ́n sì ya ti ajẹná sọ́tọ̀ kúrò lára ti àmù tí àyè rẹ̀ ti kéré.