Eré inú ilé fún tọmọdé tàgbà

Ìbéèrè: Ẹbí wa fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ìyá wa ní pálọ̀. Ọmọ ọdún 5 ń bọ̀, ẹni 70 ọdún náà ń bọ̀. Eré wo la lè jọ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. "Kí ní ń lẹ́jẹ̀" ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Olórí eré á máa dárúkọ nǹkan kíákíá: ewúrẹ́, àkùkọ, ẹja. Bí ohun náà bá ní ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilé á gbè é. Tó bá wá ki òkúta tàbí àga bọ̀ ọ́ lójijì, ẹni tó bá gbè ti jáde nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an torí pé kò gba eré sísá: ìyá àgbà lè wà lórí àga kó sì borí gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé ṣe olórí nígbà mìíràn. Inú wọn máa ń dùn tí àgbà bá ṣì í gbè.

Àlọ́ àpamọ̀ ló kàn. Ẹ pín sí ọ̀nà méjì, kí tọmọdé tàgbà wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni méjì péré ló ń ta ayò, nítorí náà ẹ gbé ọpọ́n sí igun kan fún ẹni tó bá wù. Ọmọ ayò 48 ló wà níbẹ̀. Ẹ kà wọ́n pé kí ẹ tó kó wọn nílẹ̀, torí wọ́n lè há ọmọ kékeré lọ́fun.