Ola Balogun àti Ìbéèrè Èdè Nínú Sinimá

Kotto ni mo ń gbé, àdúgbò kan ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní ilẹ̀ yìí, èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní èdè tí ó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá mú ìtàn kan tí ó fẹ́ fi ṣe sinimá wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, èdè wo ni kí n fi kọ ọ́? Bí mo bá fi Faransé kọ ọ́, ìyá-ìyá mi kì yóò gbọ́ ọ. Bí mo bá sì fi Duala kọ ọ́, ta ni yóò fún mi lówó?" Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Kútọnu àti ní Lomé mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti ará Douala nìkan.

Ìtàn Ọ̀mọ̀wé Ola Balogun ni mo fi dá a lóhùn. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìlú Aba ní ilẹ̀ Ìgbò ni a bí i sí ní 1945. Ó kàwé ní Dakar, ó kàwé ní Caen ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris. Kí ó tó di ẹni tí a mọ̀ nídìí kámẹ́rà ni ó ti ń kọ eré oníṣe. Ní 1968, ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Faransé tí eré rẹ̀ méjì wà nínú rẹ̀, Shango àti Le Roi-Éléphant. Ẹ kò rí nǹkan, Ṣàngó ń sọ Faransé! Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò mọyì èdè baba rẹ̀; àwọn tí yóò ka ìwé náà ni ó bá sọ̀rọ̀.

Ní 1972 ó ṣe Alpha ní Paris. Nígbà tí ó padà sí Nàìjíríà, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó pè ní Afrocult, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí i ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò tíì ṣe. Ní 1975 ó ṣe Amadi ní èdè Ìgbò. Ní 1976 ó ṣe Ajani Ogun ní èdè Yorùbá, Adé Fọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love sì kópa nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í gba owó ìjọba, owó ẹnu-ọ̀nà ni ó ń jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká bíi ti Ògúnǹdé sì ti kọ́ àwọn ará ìlú láti san owó kí wọ́n lè gbọ́ èdè ara wọn. Òun náà ni ó darí Ija Ominira, tí a fà yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, àti Aiye ti Ògúnǹdé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń jẹ owó púpọ̀. Òkè òkun ni a ti ń fọ fíìmù, owó òkè òkun ni a sì fi ń san án. Ní 1982 ó darí Orun Mooru fún Moses Ọláìyá, Baba Sàlá. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, Baba Sàlá sì bọ́ sínú gbèsè. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè fọ fíìmù mọ́. Balogun yà sídìí orin àti ìwé kíkọ. Ó dùn mí láti sọ pé ó ṣòro lónìí láti rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sinimá rẹ̀ wò.

Mo tún rán akẹ́kọ̀ọ́ mi létí ọmọ ìlú rẹ̀, Dikongué-Pipa, tí ó fún sinimá rẹ̀ ti 1975 ní orúkọ Duala, Muna Moto, èyíinì ni ọmọ ẹlòmíràn, tí ó sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní Ouagadougou ní 1976.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ojú-ìwé mẹ́rin wá. Duala ni ó fi kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, Faransé ni ó fi kọ ìlànà fún oníkámẹ́rà. Èmi kò gbọ́ Duala tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á sí mi létí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ.